Funfun lórí funfun kò hàn: báwo ni mo ṣe lè fi mónógíráàmù ṣe ilẹ̀ tí yìnyín bò?

Abẹ́rẹ́ Wúrà, Ìtìrẹ́ (Ajé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣe mónógíráàmù. Báàjì yunifọ́ọ̀mù, orúkọ lára táwẹ̀lì, fìlà, ọrùn bùbá, agbádá ọkọ ìyàwó, gbogbo ìyẹn ti mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ló gbé èyí tí mi ò ṣe rí wá. Ọmọ wọn obìnrin wà ní Winnipeg ní Kánádà. Màmá lọ kí i ní oṣù Kejìlá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fojú kan yìnyín láyé wọn nìyẹn. Wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí àwọn débẹ̀, àwọn ṣílẹ̀kùn, àwọn dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu àwọn. Ọmọ wọn ya fọ́tò iwájú ilé náà: òrùlé funfun, igi méjì tí kò ní ewé kankan, igi kan tó rí ṣóńṣó tó ṣì ní ewé, ilẹ̀ funfun títí dé ìsàlẹ̀ fọ́tò. Fọ́tò yẹn ni wọ́n fẹ́ kí n fi òwú ṣe, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Fírémù ẹ̀rọ mi tó tóbi jù, èyí tó ń di aṣọ mú lábẹ́ abẹ́rẹ́, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 sí 20, ìwọ̀n yẹn la sì fẹnu kò sí.

Mo ṣe àkọ́dánwò kan lọ́jọ́ Ẹtì. Aṣọ kọ́tìnì funfun, òwú pólísítà funfun tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 40, mo sì fi fill (òwú tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti bo ojú aṣọ) kún gbogbo ibi tí yìnyín wà, àyè mìlímítà 0.4 láàárín òwú àti òwú, bí mo ṣe máa ń ṣe báàjì. Yìnyín nìkan gba sítíìṣì bí 33,000. Péépà tí a ń fọwọ́ ya, ìlọ́po méjì, ni mo fi sẹ́yìn aṣọ. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò nínú fírémù, aṣọ ti hunjọ yí ká, àárín rẹ̀ le bíi páálí. Yìnyín náà jọ ìgbà tí èèyàn lẹ ègé búrẹ́dì mọ́ aṣọ. Ilẹ̀ ò yàtọ̀ sí òrùlé, òrùlé ò yàtọ̀ sí sánmà. Àwọn igi sì dúró sínú afẹ́fẹ́; àlàfo mìlímítà 2 wà láàárín ìdí igi àti ilẹ̀.

Mi ò rí yìnyín rí, àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Báwo ni mo ṣe lè ṣe é kí Màmá wò ó, kí wọ́n mọ̀ pé ibi tí àwọn dúró sí nìyí?

Màmá Ìbejì Ọ̀jùwòyè (Ajé, 8:31 alẹ́)

Àǹtí Wúrà, ẹ̀yìn aṣọ ni ìṣòro yín ti bẹ̀rẹ̀. Péépà tí a ń fọwọ́ ya ò lè gbé sítíìṣì 33,000. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún un ló ń já díẹ̀díẹ̀, kó tó parí, kò sí ohun tó di aṣọ mú mọ́. Èyí tí a ń fi sísọ́ọ̀sì gé ni kí ẹ lò, ẹyọ kan tó nípọn, kó wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà títí láé. Ara ògiri ni wọ́n máa gbé e kọ́, ta ló fẹ́ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò? Kí ẹ sì na aṣọ nínú fírémù kó le bí awọ ìlù.

Olówùú Ìdúmọ̀tà (Ajé, 8:50 alẹ́)

Funfun kan ṣoṣo lẹ lò, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn. Lórí àtẹ tiwa níbí, funfun kì í ṣe ọ̀kan. Funfun kan wà tó ń tàn yanran bí ẹ bá gbé e síta sínú oòrùn, tó fẹ́ ṣe búlúù. Funfun bí ẹ̀kọ wà. Funfun bí wàrà wà. Èyí tó ní eérú díẹ̀ nínú náà wà. Ẹ mú fọ́tò àti aṣọ yín dání bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́jà, ẹ má sì yan òwú lábẹ́ gílóòbù ìsọ̀. Ẹ bọ́ sí gbangba, ẹ fi kọ́ọ̀nù òwú náà lé aṣọ, ẹ wò ó nínú oòrùn. Mo ti rí oníbàárà tó mú funfun méjì lọ sílé, ó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nígbà tí ó débẹ̀ ọ̀kan ti pọ́n.

Tó bá jẹ́ èmi, màá da òwú sílífà sí gbogbo yìnyín náà kó máa dán.

Tísà Ṣómólú (Ajé, 9:07 alẹ́)

Ẹ má bínú pé mo yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Yìnyín gan-an ni èyí tó ń bá òjò ńlá bọ́, tó ń lu páànù gbàgbàgbà, tí a máa ń ṣà jẹ ní kékeré. Ohun tí Màmá rí, òjò dídì ni, bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá pè é. Mo sọ ọ́ nítorí iṣẹ́ yìí: yìnyín le bí òkúta, òjò dídì fúyẹ́ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n. Bí Àǹtí Wúrà bá ń ro yìnyín orí páànù lọ́kàn, ọwọ́ wọn á máa ṣe ohun tó le.

Ọmọ Ẹ̀bútè ní Winnipeg (Ajé, 10:44 alẹ́)

Tísà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yìnyín ni mò ń pè é, ó sì máa ń yé wọn. Ẹ jẹ́ kí a lo yìnyín.

Àǹtí Wúrà, òpópónà Apápá ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni mo dàgbà sí, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti wà ní ìlú tí Màmá lọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ń rí níbí fún yín, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Yìnyín tí ẹ ń wò bíi funfun yẹn, ibi tí oòrùn bá kàn nìkan ló funfun. Ibi tí òjìji bá bọ́ sí, búlúù ni. Mi ò sọ pé eérú o, búlúù gan-an, nítorí oòrùn ò dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sánmà nìkan ló ń tan sí i, sánmà sì jẹ́ búlúù. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, apá tó kọjú sí oòrùn á di bíi píǹkì, òjìji á fẹ́ di àlùkò.

Òjìji yìí sì gùn! Winnipeg wà ní bí ìwọ̀n 50 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Èkó wà ní bí 6 àbọ̀. Ní apá ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan níbí ò ga ju bí ìwọ̀n 17 lọ lójú ọ̀run. Bí oòrùn Èkó ṣe máa ń rí ní aago márùn-ún kọjá ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe ń rí ní ọ̀sán. Òjìji igi á wá gùn ju igi fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ojúmọ́ ò ju bí wákàtí 8 lọ. Nítorí náà ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa: ibi tí òjìji igi méjèèjì kọjú sí, ibẹ̀ náà ni ti ilé àti ti igi ṣóńṣó gbọ́dọ̀ kọjú sí. Òjìji yẹn ló máa fi han ẹni tó ń wò ó pé ilẹ̀ tẹ́jú, pé ó gòkè níhìn-ín, pé ó rì lọ́hùn-ún. Láìsí òjìji, ilẹ̀ ò sí.

Igi ṣóńṣó yẹn, àwọ̀ ewé rẹ̀ dúdú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ yìnyín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátápátá. Ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹrù yìnyín. Ti igi tí kò léwé, yìnyín máa ń jókòó sórí ẹ̀ka nìkan, bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ ẹ̀ka á wà ní dúdú. Etí òrùlé, yìnyín máa ń nípọn, ó ń yọ jáde kọjá páákó bí aṣọ tó gùn ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Bí òtútù bá dé ìwọ̀n 25 sí ìsàlẹ̀ òdo, èéfín inú ilé máa ń gòkè tààrà ní funfun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá wọ́n rí i. Wọ́n á ti rí i.

Bàbá Alágbàdá, Ìsàlẹ̀ Èkó (Ìṣẹ́gun, 5:58 àárọ̀)

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi.

Wúrà, o ti ní o ń ṣe agbádá. Ṣé o ti ṣe agbádá funfun tí wọ́n ní kí o fi òwú funfun ṣiṣẹ́ sí rí? Láti 1978 ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ, irú aṣọ yẹn sì làwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ́ràn jù. Kò sí àwọ̀ kejì lára rẹ̀. Kí ló wá ń jẹ́ kí iṣẹ́ ọrùn hàn? Mú ọ̀kan, gbé e sójú fèrèsé, yí i díẹ̀díẹ̀. Wàá rí i pé apá tí òwú dùbúlẹ̀ á tàn, apá tí òwú dúró á ṣú. Yí i padà, èyí tó ṣú á tàn. Òwú kan náà ni o, láti kọ́ọ̀nù kan náà. Ọ̀nà tí òwú sùn sí ló ń sọ̀rọ̀.

Bí o bá wá da gbogbo yìnyín sí ọ̀nà kan, ojú ò ní rí nǹkan kan. Jẹ́ kí òwú ilẹ̀ tó tẹ́jú sùn gbalaja. Ibi tí yìnyín bá wú, kí òwú tẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe tẹ̀. Ti òrùlé, kí òwú bá òrùlé ṣàn wálẹ̀. O ò tíì mú búlúù kankan nígbà yẹn, ilẹ̀ á ti yàtọ̀ sí òrùlé.

Èkejì ni pé aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ, o tún ń fi òwú funfun bò ó. Kí ni aṣọ ṣe ọ́? Fi aṣọ ṣe yìnyín. Bí o bá ṣe òjìji, tí o ṣe igi, tí o ṣe ilé, ibi tí o kò fọwọ́ kàn á di yìnyín fúnra rẹ̀. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ọrùn mọ̀ pé ibi tí a fi sílẹ̀ wà nínú iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, igi tí kò léwé, má fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Á kàn tò bí eyín ìyarun ni. Lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ sígísáàgì tí à ń fi orúnkún darí. Bí orúnkún bá ṣe ń dẹ̀, òwú á máa tínrín, láti ìdí igi tó fẹ̀ títí dé ṣóńṣó ẹ̀ka. Ọwọ́ á máa gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀ka igi náà sì máa ń wọ́. Mo ṣe irú rẹ̀ lójú aṣọ fún ọmọ ọmọ mi, igi odán ni, kò sẹ́ni tó bi mí pé igi kí ni.

Díjítáìsà Yaba (Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwú yẹn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà pé kọ̀ǹpútà ò lè ṣe igi. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é bí ìyarun. Bí a bá tẹ bọ́tìnì tó ń sọ fọ́tò di mónógíráàmù fúnra rẹ̀, ìdọ̀tí ló máa mú jáde. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ fa ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ìdí igi kó jẹ́ satin (òwú tó ń dábùú láti etí kan dé èkejì) tó ń tínrín lọ. Bí ó bá ti dé bíi mìlímítà 1, kí ẹ yí i sí ìlà lásán tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ka tó kéré jù, òwú 60 àti abẹ́rẹ́ 65/9, nítorí òwú 40 á nípọn jù níbẹ̀.

Màmá Ìbejì, mo bá yín fara mọ́ ti péépà, àmọ́ ti awọ ìlù yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Péépà ẹ̀yìn ni kó le bí ìlù. Aṣọ gan-an, kó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀ ni. Bí a bá fà á lẹ́yìn tí a ti dè é, ó ti nà nìyẹn. Bí a bá yọ ọ́, á fẹ́ padà sí bó ṣe wà, òwú ò ní jẹ́ kó padà, ó di dandan kó hunjọ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tí à ń fín lẹ aṣọ mọ́ péépà fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tó gbé e sí fírémù.

Àǹtí Wúrà, 0.4 yẹn ló sọ ọ́ di páálí. Báàjì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mí. Ìlà òjìji tó jìnnà, ẹ fi àyè mìlímítà 1.2 sáàárín òwú àti òwú, kí aṣọ máa yọjú láàárín. Bí ẹ ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó, ẹ mú un wá sí 1, lẹ́yìn náà 0.8, 0.6 níbi tó ṣú jù. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá eérú fẹ́ẹ́rẹ́, ojú á pa wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Underlay (òwú ìpìlẹ̀ tó ń wà lábẹ́) kan ṣoṣo tó fúyẹ́, kó dábùú òwú òkè.

Ti igi tó dúró sínú afẹ́fẹ́: òwú máa ń fa aṣọ wọ inú ní ọ̀nà tó bá ń lọ. Ohun tó bá ara wọn pàdé lójú kọ̀ǹpútà ò ní bá ara wọn pàdé lórí aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ìdí igi wọlé sínú ilẹ̀ ní mìlímítà 2, kí ẹ sì fi mìlímítà 0.3 kún ẹ̀gbẹ́ fill. Ẹ ṣe ohun tó jìnnà ṣáájú, ohun tó súnmọ́ kó kẹ́yìn, igi kó wá lẹ́yìn ilẹ̀.

Bí ẹ ò bá ní owó sọ́fítíwíà, Ink/Stitch wà, ọ̀fẹ́ ni, inú Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán, ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gbé fáìlì jáde ní DST (irú fáìlì tí ẹ̀rọ mónógíráàmù ń kà), ẹ rántí pé DST kì í gbé àwọ̀ dání, ẹ kọ ètò àwọ̀ yín sórí ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Màmá Ìbejì Ọ̀jùwòyè (Ìṣẹ́gun, 9:02 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, àbúrò. Ti awọ ìlù, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, màá dán ti yín wò lónìí.

Olówùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Wúrà da sílífà sí gbogbo ilẹ̀. Mo fi sílífà ṣe fìlà méjìlá fún ìgbéyàwó kan, ó já mọ́ mi lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí a bá fẹ́ lò ó, abẹ́rẹ́ 90/14 tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ̀rọ sáré mọ ní sítíìṣì 500 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dẹ ìfà òwú òkè. Kó sì jẹ́ ìwọ̀nba.

Olówùú Ìdúmọ̀tà (Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀)

Mo gba ìbáwí. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀rọ.

Ọmọ Ẹ̀bútè ní Winnipeg (Ìṣẹ́gun, 2:36 ọ̀sán)

Dídán tí Olówùú sọ yẹn kì í ṣe irọ́ o. Bí oòrùn bá ràn lórí yìnyín tuntun, ó máa ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó fọ́n ká bí ìràwọ̀ ni, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ní apá tí oòrùn kàn. Nínú òjìji kì í sí. Bí sítíìṣì sílífà ogún bá wà lórí gbogbo aṣọ yẹn, ó tó.

Aláró Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó (Ìṣẹ́gun, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Gbogbo yín ń sọ ti ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ ti sánmà. Bí ẹ bá fi òwú búlúù kún sánmà, páálí náà tún ti dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a rẹ aṣọ náà. Mo máa ń rẹ ẹlú. Kọ́tìnì funfun, ẹ gbé ìdajì òkè rẹ̀ wọ inú aró, ẹ máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà. Òkè pátápátá ló máa pẹ́ jù nínú aró, á sì ṣú jù. Bó ṣe ń sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé, á máa mọ́lẹ̀ títí á fi di funfun. Sánmà ọjọ́ tí kò ní kùrukùru gan-an máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbójú sókè wò ó. Ìdajì ìsàlẹ̀ tí aró ò kàn ni yìnyín tí Bàbá ní kí ẹ fi sílẹ̀.

Màmá Ìbejì Ọ̀jùwòyè (Ìṣẹ́gun, 4:41 ìrọ̀lẹ́)

Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹlú máa ń yí mọ́ nǹkan. Mo ṣe mónógíráàmù funfun sórí àdìrẹ kan, kí n tó parí, òwú ti ṣe búlúù níbi tí ọwọ́ mi ń kàn, mo sì san owó aṣọ fún oníbàárà.

Aláró Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó (Ìṣẹ́gun, 4:55 ìrọ̀lẹ́)

Wọn ò fọ̀ ọ́ tó ni. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi aṣọ funfun tó gbẹ rà á, lẹ́yìn náà èyí tó tutù. Bí funfun yẹn bá ṣì gba àwọ̀, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Fífọ̀ yìí sì ti jẹ́ kí aṣọ súnkì tán kó tó dé abẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọmọ Aswani (Ìṣẹ́gun, 7:33 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Aswani dé ni, òní lọjọ́ ọjà. Fún yìnyín orí òrùlé tó nípọn létí yẹn, ẹ wá jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà funfun, irú èyí tí inú rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń wọ̀ ní ìlú òtútù. Ẹ gé inú yẹn bí òrùlé ṣe rí, ẹ fi ìlà kan dè é mọ́lẹ̀. Kó tó di pé ẹ rán an, ẹ fi náílọ́nù tó ń yọ́ nínú omi bo ojú rẹ̀, kí òwú má baà rì sínú irun aṣọ náà. Náílọ́nù yẹn kì í fẹ́ ọ̀rinrin Èkó o. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì, á rọ̀, á máa lẹ̀. Inú ike tó ní ìdérí ni mò ń tọ́jú tèmi sí.

Abẹ́rẹ́ Wúrà, Ìtìrẹ́ (Ẹtì, 9:48 alẹ́)

Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dé.

Aláró bá mi rẹ kọ́tìnì náà, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo lo péépà tí à ń gé, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ mọ́ ọn, mi ò fà á. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo tẹ̀lé ọ̀nà òwú bí Bàbá ṣe wí, òjìji nìkan ni mo fi òwú ṣe, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti eérú kan, láti 1.2 wá sí 0.6. Gbogbo ilẹ̀ ò gbà ju sítíìṣì 9,000 lọ! Aṣọ rọ̀, ó ṣeé ká. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo sún sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo rí ilẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú, ó wú díẹ̀ lápá ọ̀tún, ó lọ jìnnà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, "Àǹtí, ó ń tutù."

Òjìji gba òwú ju yìnyín lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò bá ti jiyàn.

Igi, mo ṣe méjèèjì láti fi wéra: ti kọ̀ǹpútà bí Díjítáìsà ṣe júwe, ti orúnkún lọ́dọ̀ bàbá kan ní Ojúẹlẹ́gbà. Ti orúnkún ni mo máa lò fún igi tó súnmọ́. Igi ẹ̀yìn, ti kọ̀ǹpútà dára, nítorí ó tínrín ju bí ọwọ́ ṣe lè ṣe é lọ.

Nǹkan méjì ló kù. Mo fẹ́ kí yìnyín máa bọ́ láti sánmà, mo ti ya ìràwọ̀ kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ sínú fáìlì. Àti pé iná gé lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹ̀rọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kejì ó fo díẹ̀, ìlà yẹ̀.

Tísà Ṣómólú (Ẹtì, 10:05 alẹ́)

Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni o, Àǹtí Wúrà! Bí omi bá ń dì, igun mẹ́fà ni àwọn èérún rẹ̀ ń tò sí, ara yẹn sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ. Ọkùnrin kan wà ní Vermont ní Amẹ́ríkà, Wilson Bentley lorúkọ rẹ̀. Ní 1885 ó so kámẹ́rà mọ́ máíkírósíkóòpù, ó ya fọ́tò ẹyọ kan, kó tó kú ó ti ya ju 5,000 lọ. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, inú káàdì Kérésì ló wà.

Ọmọ Ẹ̀bútè ní Winnipeg (Ẹtì, 10:51 alẹ́)

Tísà, mo fara mọ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Sánmà búlúù tó mọ́, òjìji gígùn, oòrùn ń ràn: ọjọ́ tí yìnyín ò bọ́ nìyẹn. Bí yìnyín bá ń bọ́, sánmà á ti di eérú, òjìji ò ní sí. Èèyàn ò lè ní méjèèjì. Àti pé láti ibi tí Màmá dúró sí, ojú kì í ka ẹsẹ̀ yìnyín tó wà lókèèrè, ẹ̀kán funfun lásán ni.

Díjítáìsà Yaba (Ẹtì, 11:02 alẹ́)

Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tún túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ á dúró, á gé òwú, á tún bẹ̀rẹ̀. Igba ẹ̀kán, igba ìdúró. Ẹ yọ ọ́.

Ti iná: ẹ ra bátìrì kékeré tí wọ́n fi ń gbé kọ̀ǹpútà ró, kí ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí ẹ̀rọ lè dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ tó tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Bí ó bá gé láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má yọ fírémù, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Bí iná bá dé, ẹ padà sẹ́yìn bíi sítíìṣì mẹ́wàá kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, kí òwú tuntun gun orí ti àtijọ́.

Abẹ́rẹ́ Wúrà, Ìtìrẹ́ (Àìkú, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo yọ yìnyín tó ń bọ́ kúrò. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lónìí mo gbé aṣọ náà lọ sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ilé àti igi ti wà lára rẹ̀. Màmá wọ awò ojú wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé náà wá sí ìsàlẹ̀ aṣọ, wọ́n wá ní, "Ẹsẹ̀ mi dà?"

Wọ́n ní àwọn ni àwọn kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, láti ẹnu ọ̀nà lọ síbi mọ́tò, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àwọn. Kò sí nínú fọ́tò, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n yà á, yìnyín mìíràn ti bò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ẹ níbẹ̀. Báwo ni ẹsẹ̀ ṣe ń rí nínú yìnyín?

Ọmọ Ẹ̀bútè ní Winnipeg (Àìkú, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ihò ni. Ẹ rò ó bí ihò, kì í ṣe àmì tí wọ́n tẹ̀ sórí ilẹ̀. Bí oòrùn bá ń ti òsì wá, ògiri ihò lápá òsì ló máa wà nínú òjìji, búlúù tó ṣú; ti ọ̀tún á gba oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀ ní funfun. Bàtà ńlá ni wọ́n á ti wọ̀, ẹni tí kò mọ́ lára á sì máa wọ́ ẹsẹ̀, nítorí náà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà láti ihò kan sí èkejì.

Bàbá Alágbàdá, Ìsàlẹ̀ Èkó (Àìkú, 8:20 alẹ́)

Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, sítíìṣì méjì péré. Bó bá ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kó máa tóbi, kí àyè àárín wọn sì máa gùn. Ìka ẹsẹ̀ kọjú sí wa, nítorí ìta ló ń bọ̀. Má fi rúlà tò ó. Àgbàlagbà ló ń rìn lórí ohun tí kò tẹ̀ rí, ìgbésẹ̀ rẹ̀ á kúrú. Béèrè ẹsẹ̀ tí wọ́n fi jáde.

Abẹ́rẹ́ Wúrà, Ìtìrẹ́ (Àìkú, 8:57 alẹ́)

Mo ti pè wọ́n, Bàbá. Òsì ni. Wọ́n ní àwọn di férémù ilẹ̀kùn mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ súnmọ́ ara wọn gan-an, lẹ́yìn náà ni àwọn dúró lójú kan, ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Mo ti ya á sórí péépà báyìí, ihò mọ́kànlá. Iná wà. Mo ń gbé aṣọ padà sí fírémù.